Owó Ìrànlọ́wọ́ Òkè-Òkun: Ta Ló Ń Pín In, Èló Ló Ń Bọ́ Sí Ìlera àti Ẹ̀kọ́?

  

Ní ìpàdé tó kọjá, lẹ́yìn tí akápò ka ìṣirò owó tán, ìyá kan láti ìsọ̀ àwọn elélùbọ́ dìde, ó ní òun ní ìbéèrè. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé Amẹ́ríkà dá owó tó ń fún Nàìjíríà dúró, òun sì fẹ́ mọ̀ owó wo nìyẹn. Ó ní: "Ẹ̀yin akọ̀wé, ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé òyìnbó ń ràn wá lọ́wọ́. Èmi ò rí i kí wọ́n fi tún ilé ìwé ẹ̀yìn ọjà yìí ṣe. Mi ò rí i kí wọ́n fi kọ́ ilé ìyàgbẹ́ fún wa. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nìkan ni mo rí gbà. Ta ló wá kó ìyókù?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà láàárín wa lọ́jọ́ náà tí kò rẹ́rìn-ín, torí pé owó yẹn ni wọ́n fi ń ra oògùn tó ń lò lójoojúmọ́. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má sì bi wá. Nítorí òun, àti nítorí ìyá elélùbọ́, ni a ṣe lọ wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹfà ni àwa akọ̀wé yín kà mọ. Àwọn ọmọ wa tó kàwé jù wá lọ ló bá wa ka ìwé tó le, a sì ti tún un sọ bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nídìí àtẹ.

Ẹ jẹ́ ká ti inú ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀. Owó tí a ń dá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣé àpò kan náà la ń kó o sí ni? Rárá o. Ti ọdẹ wà lọ́tọ̀, ti àwọn tó ń gbálẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti ìsìnkú àti ìkómọ wà lọ́tọ̀. Bí atẹ́gùn bá ṣí páànù orí ìsọ̀ ẹnìkan, akápò ò gbọdọ̀ yọ nínú owó ọdẹ fún un, bó ti wù kó ṣàánú rẹ̀ tó. Owó tó ní orúkọ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó òkè-òkun rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé wọ́n á di owó náà sínú àpò, wọ́n á gbé e fún ìjọba ní Àbújá, ìjọba á wá jókòó, á ní èyí fún ilé ìwòsàn, èyí fún ilé ìwé, èyí fún títì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí owó náà tó kúrò nílé ẹni tó ni ín ni wọ́n ti kọ orúkọ sí i lára. Ìjọba wọn àti àwọn aṣòfin wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń pín in. Ti Amẹ́ríkà pàápàá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í gba inú àpò ìjọba wa kọjá. Ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ni wọ́n ń san án fún, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà fúnra wọn. Àwọn yẹn ló ń ra oògùn, tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń ra ọkọ̀. Nítorí náà, ìyá elélùbọ́, a mọ̀ pé olè wà nílùú, ṣùgbọ́n ti èyí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹnìkan kó jẹ. Owó ilé ìwé ẹ̀yìn ọjà kò fìgbà kankan sí nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó yìí wà ní Paris ní ilẹ̀ Faransé. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè olówó ni, OECD ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á kó ìwé ìṣirò rẹ̀ wá: èló ló bá ti ìlera lọ, èló ló bá ti ẹ̀kọ́, ti omi, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti títì àti iná mànàmáná, ti oúnjẹ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ní ọdún 2023, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ lé ní 220 bílíọ̀nù dọ́là. Ní 2024 ó wálẹ̀ sí bí i 212 bílíọ̀nù. Láti ọdún 1970 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí àwọn olówó máa yọ 70 kọ́bọ̀ nínú 100 náírà tí orílẹ̀-èdè wọn bá pa. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré nínú ẹgbẹ́ yẹn ló ṣe é pé ní 2024: Norway, Luxembourg, Sweden àti Denmark. Amẹ́ríkà ló mú owó tó pọ̀ jù wá lójú ní 2024, ṣùgbọ́n tí a bá fi wé ohun tó pa, kò tó 25 kọ́bọ̀ nínú 100 náírà. Ẹ rí i pé ẹni tó ná owó ńlá níbi àríyá lè má jẹ́ ẹni tó ná jù nínú ohun tó ní. Àwa ọlọ́jà mọ èyí dáadáa.

Ó yá, ti Nàìjíríà ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, ìlera ni Amẹ́ríkà kó èyí tó pọ̀ jù sí. Lọ́dún 2003 ni ààrẹ wọn nígbà náà, George Bush, dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PEPFAR, fún àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ẹ rántí bó ṣe rí kó tó di ìgbà yẹn. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní i, àfi kó lọ sílé lọ máa ka ọjọ́. Nígbà tí ìjọba wa kọ́kọ́ kó oògùn náà wọlé ní 2002, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni aláìsàn ń san lóṣù, ẹgbẹ̀rún kan náírà ìgbà yẹn kì í sì í ṣe owó kékeré. Ọdún 2006 ló di ọ̀fẹ́. Lónìí, àwọn tó ń lo oògùn náà ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, owó Amẹ́ríkà sì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Láti 2011 wọ́n tún fi ti ibà kún un: nẹ́ẹ̀tì, oògùn ibà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ohun tó kù, oúnjẹ àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò nílé ní Borno, Adamawa àti Yobe ló gba èyí tó jọjú nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wá jókòó sẹ́yìn pátápátá, èyí tí wọ́n sì fún ẹ̀kọ́, òkè ọya ló lọ, bí i Bauchi àti Sokoto, torí pé ibẹ̀ ni ọmọ tí kò lọ ilé ìwé ti pọ̀ jù.

Kí ló dé tí ìlera fi ń borí ẹ̀kọ́? A bi ara wa ní ìbéèrè yìí títí. Àkọ́kọ́, ohun ìlera ṣeé kà. Aṣòfin Amẹ́ríkà tó bá fọwọ́ sí owó lè padà lọ sọ fún àwọn tó dìbò fún un pé nẹ́ẹ̀tì báyìí la pín, ọmọ báyìí la fún lábẹ́rẹ́, ènìyàn báyìí ni kò kú mọ́. Àrùn rọpá-rọsẹ̀ tó ń sọ ọmọ wa di arọ, tí àwọn tó ń kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu ń wọ ìsọ̀ dé ìsọ̀ lọ́jà yìí, ní oṣù August 2020 ni wọ́n kéde pé irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n lè nàka sí nìyẹn. Èkejì, àrùn ò gba físà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín lè wọ ọkọ̀ òfuurufú dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà ara wọn náà ni wọ́n ń ṣe fún.

Ẹ wá wo ẹ̀kọ́. Ọmọ tó wọ ilé ìwé lónìí, ìgbà wo ni a ó tó mọ̀ bóyá ó mọ nǹkan? Ó pẹ́ jù fún ẹni tó fẹ́ jíhìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó burú jù ni pé owó ilé ìwé, owó oṣù olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oṣù ń parí lónìí, òmíràn á tún parí, títí olùkọ́ á fi fẹ̀yìn tì. Olùrànlọ́wọ́ ò fẹ́ràn ohun tí kò lópin. Ó fẹ́ ohun tó máa ṣe fún ọdún márùn-ún kó sì máa lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́, ìwé, àti ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fún wa, kì í ṣe ògiri. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ètò kan báyìí láti 2008 títí di 2017, ESSPIN lorúkọ rẹ̀, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló sì dé, Èkó àti Kwara wà níbẹ̀. Àwọn ló kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò, àwọn náà ló jà kí ìgbìmọ̀ òbí àti ará àdúgbò máa bójú tó ilé ìwé. Ìyálọ́jà tí wọ́n bá pè sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, tó mu miníráàlì tó sì fọwọ́ síwèé, owó ìrànlọ́wọ́ ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yẹn o.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní gbogbo ayé, nínú 100 náírà owó ìrànlọ́wọ́, ẹ̀kọ́ rí 9 náírà àti 30 kọ́bọ̀ gbà ní 2019. Nígbà tó fi máa di 2022, 7 náírà àti 60 kọ́bọ̀ ló kù. Àrùn Kòrónà, ogun Ukraine, àti ìnáwó lórí àwọn tó sá wọ ilẹ̀ wọn wá ibi ìsádi ló jẹ ìyókù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà wá lẹ́nu nìyí. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé pé àwọn fún àwọn òtòṣì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kúrò nílé wọn. Ẹ gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, owó ìrànlọ́wọ́ wọn jẹ́ bí i bílíọ̀nù 12.8 pọ́n-ùn. Nínú rẹ̀, nǹkan bí i bílíọ̀nù 3.7 ni wọ́n ná ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ lórí àwọn tó wá ibi ìsádi, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ni pé nínú 100 pọ́n-ùn, bí i 29 kò rékọjá omi. Òfin ẹgbẹ́ wọn ní Paris gbà wọ́n láyè: ìnáwó ọdún àkọ́kọ́ lórí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kà á mọ́ ìrànlọ́wọ́. A ò sọ pé kò dáa kí a gba àlejò tí ogun lé sílé. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá sọ pé o fún àbúrò rẹ lówó, tí o sì fi owó náà tún yàrá ilé tìrẹ ṣe, ojú wo ni kí àbúrò rẹ fi wò ọ́?

Faransé àti Jámánì náà ní ọgbọ́n tiwọn. Ọmọ Áfíríkà tàbí ọmọ Éṣíà tó bá lọ kàwé ní yunifásítì wọn, ohun tó ná wọn láti kọ́ ọ, wọ́n ń kà á mọ́ owó ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́, ó sì pọ̀ gan-an nínú ohun tí wọ́n ní àwọn fún ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ibẹ̀ ló gba owó oṣù rẹ̀. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀, oúnjẹ tó ń fi ránṣẹ́ sí ibi tí ebi wà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tirẹ̀ ló ti ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀, òfin wọn sì ní kí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin mọ ohun tí owó ọkọ̀ máa ń jẹ nínú ọjà.

Ti gbèsè náà wà níbẹ̀. Ní 2005, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, àwọn tí a jẹ lówó ní ẹgbẹ́ Paris Club gbà láti fa bílíọ̀nù 18 dọ́là ya nínú gbèsè wa, àwa náà sì san bí i bílíọ̀nù 12. Èyí tí wọ́n fà ya yẹn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí owó ìrànlọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kọ́bọ̀ kan tó wọ ọkọ̀ wá sílé. Síbẹ̀, a ò ní parọ́, ìyẹn ṣe wá lóore. Ìjọba àpapọ̀ ya owó tí ì bá fi san gbèsè náà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti omi. Bí ẹ bá rí kànga ẹ̀rọ kan tí wọ́n kọ MDG sí lára, ibi tó ti wá nìyẹn.

Japan nìkan ni a rí tó fẹ́ràn títì, afárá, ọkọ̀ ojú irin àti iná mànàmáná ju ohun gbogbo lọ. Àwìn ni wọ́n fi ń ṣe ju ìdajì nínú rẹ̀, wọ́n á yá ọ pẹ̀lú èlé díẹ̀, o ó sì san án fún ọdún gbọọrọ. Àwọn náà ti jẹ ẹ́ rí. Lọ́dún 1961, Báńkì Àgbáyé yá wọn ní 80 mílíọ̀nù dọ́là láti fi ṣe ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá wọn, wọ́n sì san án tán. Lójú tiwa, èyí jọ ti ẹni tó yá ẹlòmíràn lówó ìpìlẹ̀ òwò. Ó dára fún ẹni tó mọ òwò ṣe. Ẹni tó bá fi owó àwìn ra aṣọ ẹbí, a mọ bó ṣe máa parí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó gbé wa dé ibí. Ní ọjọ́ 20 oṣù January 2025, ọjọ́ tí Donald Trump gorí àléfà lẹ́ẹ̀kejì, ó fọwọ́ sí ìwé pé kí gbogbo owó ìrànlọ́wọ́ dúró fún 90 ọjọ́ ná, kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ tí owó náà ń san fún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn kan. Oògùn oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún un, ti oṣù kan ni wọ́n fún un lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tó máa ń dá a lóhùn, tó mọ orúkọ rẹ̀, tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní òun jókòó sí abẹ́ igi níwájú ilé ìwòsàn náà, òun ń ṣírò oògùn inú ike. Ó wá sọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ náà, a ò sì mọ ohun tí a lè sọ fún un ju pé kó má ṣe fo oògùn náà lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà, Amẹ́ríkà ní kí èyí tó jẹ́ ti ìgbàlà ẹ̀mí máa bá a lọ, oògùn HIV sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ USAID tó ń pín owó náà, ọjọ́ kìíní oṣù July 2025 ni wọ́n tì í pa. Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀ ti dín 70 kọ́bọ̀ rẹ̀ kù sí 50 ní 2021, nígbà tó sì di February 2025, Keir Starmer tó jẹ́ olórí ìjọba wọn ní yóò di 30 kọ́bọ̀ ní 2027, kí wọ́n lè rí owó fún ológun. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham ń san owó orí níbẹ̀, àwọn náà ń dá sí owó yìí láìmọ̀.

Ìjọba wa ò sùn pátápátá. Ní February 2025 náà, wọ́n fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà fún oògùn HIV, àwọn aṣòfin sì fi 200 mílíọ̀nù dọ́là, bí i 300 bílíọ̀nù náírà, kún bọ́jẹ́ẹ̀tì ìlera ọdún náà láti dí ihò tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀. Ní December 2025, àwa àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún lórí ìlera, ìjọba wa sì ṣèlérí pé òun á máa fi owó tirẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìlérí ọ̀hún la fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́. Ní 2001, ní Àbújá tiwa níbí, àwọn olórí Áfíríkà búra pé nínú 100 náírà bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìlera á máa gba 15. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì ṣe é rí. Ní 2025, bí i 5 náírà ni. Ta wá ni ó ń san owó ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà? Àwa ni. Nínú 100 náírà tí wọ́n ná lórí ìlera nílẹ̀ yìí, ó lé ní 70 tó jẹ́ pé láti ìdí ìró àti àpò ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ló ti jáde. Owó tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sílé láti ìlú òyìnbó náà, tó tó bí i 20 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, ju gbogbo owó ìrànlọ́wọ́ tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ó kéré tán. Àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin kan wà láti 2014 tó ní kí ìjọba àpapọ̀ yọ ó kéré tán náírà kan nínú 100 owó tó ń wọlé fún un, kó wà fún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Apá kan nínú rẹ̀ ń lọ tààrà sínú àkáǹtì ilé ìwòsàn, ìgbìmọ̀ ará wọ́ọ̀dù ló sì yẹ kó máa bá wọn bójú tó bí wọ́n ṣe ń ná an. Ìyálọ́jà wa ti gbà pé ká lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà lẹ́yìn gáréèjì, ká béèrè ohun mẹ́ta: èló ló wọlé fún wọn lọ́dún tó kọjá, kí ni wọ́n fi rà, ta ni ó sì ń ṣojú ọjà nínú ìgbìmọ̀ náà. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ìyá elélùbọ́ ti ní òun á ṣe é.

Ọjọ́rú kejì oṣù tó ń bọ̀ la ó lọ, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí èrò tó kún ọjà. Ẹni mẹ́wàá la fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó wá fi orúkọ sílẹ̀ ní ìsọ̀ akọ̀wé, kó sì wọ ankara ẹgbẹ́.